Pèrègún Sàn Ju Páànù Lọ

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, táǹkì epo dísẹ̀lì ti ba ẹwà àgbàlá púpọ̀ jẹ́ ní Mile 12. Páànù ni àwọn onílé fi ń bò ó. Ní tèmi, pèrègún àti akòko ló yẹ níbẹ̀. Bí a bá ri ẹ̀ka wọn mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, yóò ta gbòǹgbò. Àwọn baba wa fi wọ́n ṣe ọgbà. Àwọn kan ń hú wọn dànù pé igi òrìṣà ni. Bẹ́ẹ̀ ewé akòko ni ewé oyè tí a ń fi lé ìjòyè lórí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín igi àti táǹkì, kí ẹ sì máa gbá ewé gbígbẹ nítorí iná. Bí táǹkì bá ń jò, ẹ tún un ṣe ná: ilẹ̀ tó mu epo kì í gba igi. Àṣẹ.