Inú Omi Tó Mọ́ Gaara Ni Ebi Ń Gbé

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: ọ̀pọ̀ nínú àwọn aràn oníyẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń rà sínú táǹkì onídígí nílé, ebi ló ń pa wọ́n. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ẹja ló gé e jẹ. Ebi ni. Ebi ọ̀hún sì máa ń rọra ṣe é débi pé ẹni tó ni ín á ṣì máa gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram, á ní ká wá wo ẹwà.

Ẹ̀dá tí mò ń sọ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní feather duster, torí ó jọ ìgbálẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń gbọn eruku. Aràn ni, àmọ́ kì í ṣe aràn inú. Á fi itọ́ ara rẹ̀ po ẹrẹ̀, á fi mọ ilé tó rí bíi páìpù, á wá na adé ìyẹ́ rẹ̀ síta lẹ́nu ilé náà. Adé yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Òun ló fi ń mí, òun náà ló fi ń wá oúnjẹ. Irun wẹ́wẹ́ ara ìyẹ́ náà á máa fa omi kọjá, á máa ṣa ohun tó wà nínú rẹ̀: èyí tó tóbi jù, á dà á nù, èyí tó mọ níwọ̀n, á fi kọ́lé, èyí tó kéré jù lọ, á gbé e mì. Bí òjìji ọwọ́ rẹ bá kọjá lórí rẹ̀, wéré, ó ti kó gbogbo ẹ̀ wọlé.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ohun tó ń jẹ ni àwọn abẹ̀mí tíntìntín àti èérún tó ń léfòó nínú omi òkun, tí ojú lásán ò lè rí. Omi tó bá kún fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í mọ́ gaara. Àmọ́ kí ni ẹni tó ra táǹkì ń fẹ́? Omi tó mọ́ gaara ni! Ó ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó ra èyí tó ń fi ìfófòó fa ìdọ̀tí jáde, títí omi fi dà bíi pé kò sí omi níbẹ̀. Oúnjẹ aràn yẹn wà nínú ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà ń kó dànù. Ṣe ló dà bí ẹni tó gba àlejò sílé, tó wá ń da ọbẹ̀ nù lójoojúmọ́ kí ìkòkò lè máa dán.

Bí ìyà bá jẹ ẹ́ dé ibì kan, á já adé rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín fọkàn balẹ̀, á tún hù. Lóòótọ́, ó máa ń hù. Ṣùgbọ́n bí ebi ò bá tíì lọ, èyí tó hù á kéré sí ti tẹ́lẹ̀, adé kékeré ò sì lè kó oúnjẹ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa kéré sí i, títí ilé ẹrẹ̀ á fi ṣófo.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Aràn lásán làsàn! Àbí kí lẹ̀ ń sọ?" Ó dáa. Mi ò sọ pé ó ń sunkún lóru. Àmọ́ àwọn àgbà tó ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́ kò sọ pé inú èèyàn nìkan. Ẹni tó bá mú ohun abẹ̀mí kúrò níbi tó ti ń dá jẹun, ọrùn ẹni náà ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

Àwọn mìíràn á ní àjẹkù ẹja tó o jẹ. Kò tó o. Ẹni tó bá fẹ́ sin ín dáadáa á máa sin ewéko omi tíntìntín sínú ìgò lábẹ́ iná, á máa bù ú sí omi lójoojúmọ́, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù kó má ba omi jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ru omi ò sì gbọdọ̀ dákẹ́, ní ìlú tí NEPA ń mú iná lọ nígbà tó bá wù ú! Bó o bá lè ṣe gbogbo ìyẹn, mi ò bá ẹ jà. Bí o ò bá lè ṣe é, fi í sílẹ̀.

Ẹ tún bi ara yín léèrè ibi tó ti wá. Hawaii wà lára ibi tí wọ́n ti máa ń kó Sabellastarte tẹ́lẹ̀, èyí tó gbajúmọ̀ lọ́jà. Inú pálapàla òkúta ló máa ń fi orí pamọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ lè ní láti fọ́ òkúta náà. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Hawaii dájọ́ pé kí ìjọba kọ́kọ́ yẹ ìpalára rẹ̀ sí àyíká wò kó tó máa fún àwọn tó ń kó ẹ̀dá òkun tà fún táǹkì ní ìwé àṣẹ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìbátan aràn yìí wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ní 1966, Sandison àti Hill tẹ ìwádìí kan jáde nínú Journal of Animal Ecology lórí ẹ̀dá mẹ́rin tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ní èbúté Èkó àti agbègbè rẹ̀. Méjì nínú wọn, Mercierella enigmatica àti Hydroides uncinata, aràn aládé ni wọ́n. Ẹfun líle ni wọ́n fi ń kọ́lé tiwọn dípò ẹrẹ̀. Ohun tí ìwádìí náà gbé yẹ̀ wò ni bí iyọ̀ inú omi ṣe ń pín ibùgbé fún wọn. Lásìkò òjò, omi odò á ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ á dín kù. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á tún padà wọlé. Mélòó nínú wa ló mọ̀ wọ́n?

Ẹ wá jẹ́ ká gba Àgbádárìgì lọ. Odò Yewa ń ya wọ ọ̀sà ibẹ̀, ọ̀sà ọ̀hún ò sì ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun, àfi kó gba Èkó tàbí Kútọnu. Sọdá sí Gberefu, òkun gangan ló wà níwájú ẹ, àmọ́ yanrìn ló tẹ́ lọ, kì í ṣe òkúta iyùn. Ẹni tó bá ń rò pé òun á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, òun á ṣa aràn oníyẹ̀ẹ́ létí omi bí ẹni ṣa ìgbín, ó ń tan ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo omi ọ̀sà yẹn dáadáa. Àlejò á yímú sí i, á ní ó dúdú. Ewé tó ń jẹrà, ẹrẹ̀ àti àìmọye abẹ̀mí tíntìntín ló wà nínú dúdú yẹn. Oúnjẹ edé ni, oúnjẹ alákàn ni, òun ló ń bọ́ ẹja tí àwọn apẹja Ègùn ń pa láti ayébáyé. Nítorí pé a ti pè é ní ìdọ̀tí la ṣe ń ju ọ̀rá pure water sí i láìwẹ̀yìn, tí a ò sì fọhùn bí àwọn tó ń wa yanrìn bá ń rú ìsàlẹ̀ ọ̀sà sókè. Dúdú tí omi fúnra rẹ̀ dú yàtọ̀ sí pàǹtí tí àwa dà sí i o!

Ojú kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ojú tó rí ọ̀sà tó kún fún oúnjẹ tó pè é ní ìdọ̀tí, òun náà ló rí táǹkì tí ebi wà tó pè é ní ẹwà. Ojú yẹn ló yẹ ká tún ṣe kí a tó ra gíláàsì kankan. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó táǹkì wọkọ̀ ojú omi. Ẹ bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀. Nígbà tí omi bá fà, ẹ wo ara òpó èbúté, kí ẹ rí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wò ó, kí ẹ sì fi í síbẹ̀.

Ẹ má ra ohun tí ẹ ò lè bọ́.