Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Orin àti Àwòrán Nínú Kíláàsì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fún ọmọnìyàn ní etí, ojú àti ọkàn láti fi wá ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Àríyànjiyàn kan ń gbilẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Bí olùkọ́ kan bá fi orin kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìsọdipúpọ̀, àwọn kan a ní ó ti mú àríyá wọ ilé ìmọ̀. Bí òmíràn bá ya ewé àti gbòǹgbò sára ògiri kí àwọn ọmọ lè mọ ẹ̀yà ara igi, wọn a ní kí ó lọ pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dájọ́: "Haráàmù ni!" Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, olùkọ́ a panu mọ́, ọmọ a jókòó ti ìwé tí kò yé e. Nígbà tí ó bá yá, bàbá rẹ̀ a mú un lọ sí ilé-ìwé mìíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rán an létí pé àkókò ìrun ti tó. Ta ni ó wá jèrè nínú rẹ̀?

Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù wọn nídìí. Ní òpin sáà ẹ̀kọ́, àwọn ilé-ìwé kan a kó ọmọ ọdún mẹ́fà síta, wọn a lu orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é tún sọ níwájú àgbà, ọmọ a máa jó ijó ìdí, òbí a sì máa náwó fún un. Àwọn tí wọ́n ní Mùsùlùmí làwọn náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìbàjẹ́ ni èyí, kò sì yẹ kí onígbàgbọ́ òdodo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí àwọn tí ń pariwo padà wo ilé-kéwú tí àwọn fúnra wọn ti jáde. Èwo nínú wọn ni ó kọ́ lẹ́tà Lárúbáwá láìfi ohùn gbé e? Áfáà a pè é, àwọn ọmọ a gbè é, wàláà lọ́wọ́, títí tí yóò fi dúró lórí wọn. Ní ọdún 1198 lẹ́yìn Hijra ni Sulayman al-Jamzuri fi ẹsẹ ewì 61 to òfin kíka Àlùkùránì jọ, orúkọ ìwé náà, Tuhfat al-Atfal, sì fi hàn pé àwọn ọmọdé ni ó kọ ọ́ fún. Ibn Malik, ọmọ Andalus tí ó kú ní ọdún 672 lẹ́yìn Hijra (1274), kó gírámà Lárúbáwá sínú ewì tí ó tó nǹkan bí 1,000 ẹsẹ. Kì í ṣe eré ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó ní ìwọ̀n ohùn a máa fa èkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọ bá fo ọ̀kan, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un.

Àwòrán ńkọ́? Ìwé Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Mas'ud pé Ànábì (SAW) fa ìlà onígun mẹ́rin sílẹ̀, ó fa òmíràn láàárín rẹ̀ tí ó yọ síta, ó sì fa àwọn kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi wọ́n ṣàlàyé ọmọnìyàn, ikú tí ó yí i ká, ìrètí rẹ̀ tí ó gùn ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, àti àwọn àdánwò tí ń bẹ lọ́nà. Kí ni èyí bí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ tí a fi àwòrán kọ́? Ibn Abbas kìlọ̀ fún ayàwòrán kan nípa ohun ẹlẹ́mìí, síbẹ̀ ó sọ fún un pé kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Àìṣá fi ọmọláńgidi ṣeré nílé Ànábì, àwọn onímọ̀ kan sì ṣàlàyé pé ìyọ̀ǹda náà wà nítorí kí ọmọbìnrin lè kọ́ ìtọ́jú ọmọ. Ní ti ohùn, àwọn sàábé gbe orin bí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò ní ogun Khandaq, Ànábì (SAW) sì bá wọn gbè é.

Lórí ohun-èlò orin, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn onímọ̀ mádíhábù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fọwọ́ sí i. Ibn Hazm, tí ó kú ní 1064, kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìlù tí àwọn ọmọbìnrin méjì lù nílé Àìṣá ní ọjọ́ Ọdún, Ànábì kò jẹ́ kí Abubakar dá wọn dúró. Kíláàsì kò ní láti dúró di ìgbà tí ìjà yìí bá parí. Ohùn ọmọ tó o.

Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 2008 fi àṣà àti iṣẹ́ ọnà ṣe ọ̀kan lára àwọn ẹ̀kọ́. Bí Mùsùlùmí bá sá fún un, ẹlòmíràn ni yóò kọ́ ọmọ rẹ̀, ohun tí ó bá sì wù ú ni yóò kọ́ ọ. Ohun tí ó yẹ ni kí ilé-ìwé Mùsùlùmí ní òté tirẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ inú orin mọ́. Kí ijó má wọ̀ ọ́. Kí orin má gba ipò Àlùkùránì. Kí àwọn ọmọ máa ya odò, igi, àwòrán ilẹ̀, àti àwọn onígun bíi ti ara ògiri Alhambra ní Granada, tí wọ́n lè fi kọ́ ìṣirò. Kí wọ́n máa kọ lẹ́tà Lárúbáwá ní ọ̀nà tí ó rẹwà. Òṣùwọ̀n gbogbo rẹ̀ kò le: bí orin bá tán tí ọmọ kò lè ṣe ìṣirò náà, eré lásán ni wọ́n ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, iṣẹ́ yín rè é. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n gba orin burúkú lẹ́nu ọmọ, kí ó fi èyí tí ó dára rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa àwòrán rẹ́ lára ògiri, kí ó sọ ohun tí yóò fi yé ọmọ náà. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó jẹ́ kí olùkọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn Mùsùlùmí ní òye ẹ̀sìn, kí Ó sì ṣe ìmọ̀ àwọn ọmọ wọn ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní. Àmín.