Ẹ Wo Iná Ilé Yín Kẹ́ Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Kọfí

 Nígbà ìsinmi tó kọjá, Dádì mi fẹ́ ra ẹ̀rọ espresso sílé. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná wa lè gbé e?" Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ wáàtì 1,000 sí 1,500. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Ká sòótọ́, owó iléèwé mi náà wà nínú owó ọ̀hún.

Lójú tèmi, ìkòkò kọfí tí wọ́n ń pè ní moka ló yẹ wá. Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1933. Ẹ bu omi sísàlẹ̀, ẹ da kọfí lílọ̀ sáàárín, ẹ gbé e ka gáàsì. Ooru á ti omi gba inú kọfí bọ́ sókè. Mọ́mì ní kò lè ki tó ti ẹ̀rọ tó ń fi agbára 9 bar tẹ kọfí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ bí NEPA bá mú iná lọ, moka ò ní dúró.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Dádì ṣì ń rò ó. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n o!