Kí A Tó Gbin Igi Sí Bèbè Odò, Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Yè



Láti ọdún 1985 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ya ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún igi gbíngbìn. Lọ́dọọdún la ń gbé ọkọ́ àti korobá jáde, méérì á sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé á kọrin, gbogbo wa á gbin igi. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa padà síbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Mélòó ló kù? Àwọn kan á ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, àwọn mìíràn á ní kò sẹ́ni tó bomi rin ín. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ohun tí a kì í bi ara wa ni pé: ṣé ilẹ̀ tí a gbin igi náà sí ṣì wà láàyè?

Ilẹ̀ ń yè, ilẹ̀ sì ń kú. Ẹ bu erùpẹ̀ ṣíbí kékeré kan nínú igbó tó ṣì pé: ẹ̀dá àìfojúrí inú rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù kan. Àwọn kan ń sọ ewé gbígbẹ di oúnjẹ fún igi. Olú tínínrín bí òwú a máa so mọ́ gbòǹgbò, a máa bá a fa omi wá láti ibi tí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ kò lè dé. Ẹni tó bá ti fa erèé tu rí, ó ti rí kókó wẹ́wẹ́ ìdí rẹ̀. Ilé bakitéríà ni. Àwọn ló ń fa ajílẹ̀ jáde látinú afẹ́fẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti inú àbàtà tún yàtọ̀. Níbi tí omi dúró sí, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlẹ̀, àwọn bakitéríà kan ń gba apá kan nínú ajílẹ̀ tí òjò gbá kúrò lóko, wọ́n á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ padà kó tó dé odò. Bí a bá ba àbàtà jẹ́, ajílẹ̀ náà á ṣàn lọ tààrà, á lọ bọ́ gbéborùn lójú ọ̀sà.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ fi kan Àjàṣẹ́. Odò Okpara ń wọnú Ouémé nísàlẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Ouémé ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Kétu lọ sí àkùrọ̀ ìsàlẹ̀, títí dé Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Erùpẹ̀ tí a jẹ́ kí òjò wọ́ lọ lókè ló ń dí odò nísàlẹ̀. Ní ọdún 2000 ni wọ́n kọ àfonífojì ìsàlẹ̀ Ouémé, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti Nokoué sínú ìwé Ramsar, pé àbàtà tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé ni. Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé kò lè gba odò là bí àwa ará òkè bá ń sun igbó lọ́dọọdún, tí a ń fọ́n oògùn apako sétí omi, tí a ń ro ilẹ̀ títí kan omi. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.

Òfin ò ṣàì sí. Òfin igbó ti ọdún 1993 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣán igbó ní mítà 25 sí bèbè odò, lọ́tùn-ún lósì. Ta ló ń tẹ̀ lé e? A mọ ohun tí àgbẹ̀ máa sọ: "Etí odò nìkan ló tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbo ni kí n gbin tòmátì sí?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ má lé e lásán. Kí baálẹ̀ àti àwọn olórí ẹbí jókòó, kí wọ́n wá ilẹ̀ fún un lẹ́yìn mítà 25 náà. Ilẹ̀ tí a bá fi ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹran bọ́ máa ń di omi mú. Songhai, tí Bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985, ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká rán ọmọ wa lọ kọ́ ọ.

A tún ní ohun tí owó kò lè rà: igbó Orò àti àwọn igbó mìíràn tí baba wa pa mọ́. Inú wọn ni irúgbìn ilẹ̀ alààyè ṣì wà. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Netherlands sọ pé nígbà tí àwọn bu erùpẹ̀ láti ilẹ̀ tó ṣì pé, tí àwọn fọ́n ọn sórí oko tó ti gbó, ewéko tó yẹ ibẹ̀ tètè padà. Ilẹ̀ wọn kò rí bíi tiwa, àmọ́ ọ̀nà náà yẹ ní dídánwò. Kí àwọn tó ni igbó fọwọ́ sí i, kí wọ́n fúnra wọn bu agbọ̀n díẹ̀ fún ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ igi. Ẹni tí kò ní àṣẹ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti ṣe ìlànà lórí àwọn igbó ọ̀wọ̀ yìí ní 2012. Kò yẹ kí àwa tí a ni ín máa gé e tà.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí agogo dún kí ọyẹ́ tó dé: iná kò gbọdọ̀ jó létí odò. Ẹ̀yin méérì, ẹ pín owó igi sí méjì, ìdajì fún gbíngbìn, ìdajì fún ìtọ́jú ọdún mẹ́ta. Àwa ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká máa ka igi tó yè, ká yé ka igi tí a gbìn.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹgbẹ̀rún igi pàápàá kò lè ṣe é lórí ilẹ̀ tó ti kú.