Ẹ Má Fi Kóòdù Dá Aláìsàn Dúró

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí lọ́kàn. Àwọn àgbà ní ohun tó ń dunni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kóòdù tí ilé iṣẹ́ HMO gbọ́dọ̀ fún ọsibítù kí aláìsàn tó lè rí ohun èlò ìtọ́jú gbà.

Mi ò bá ètò adójútòfò ìlera jà o. Láti ọdún 2005 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú gbèsè. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún 18, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn la ń san. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 tilẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ inú ètò náà. Ohun rere ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ọsibítù tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí lẹ óò kọ́kọ́ lọ. Bí agbára wọn ò bá ká a, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá. Àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ọsibítù ńlá náà á ní kí ẹ dúró títí HMO yóò fi fi kóòdù ránṣẹ́, torí kóòdù yìí ni ẹ̀rí pé wọn óò rówó gbà.

Káfíńtà ni mí, ìyàwó mi ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìtọ̀ ṣúgà ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi kan nísàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, dókítà ní kí n gba ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ó wà nínú ìwé ètò náà pé a lè gbà á, bó bá ṣáà ti jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. A bèèrè kóòdù. Wọ́n ní ìwé dókítà kò pé. A mú òmíràn lọ. Wọ́n ní kò sọ irú ẹsẹ̀ tó jẹ́. A tún un ṣe. Wọ́n ní ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i kò sí nílé. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́ta ṣe kọjá. Kí ló dé tí wọn ò lè ka gbogbo ohun tó kù fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti sùúrù nìkan. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tó wá jókòó pẹ́, orúnkún rẹ̀ lè le kó sì ká kò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà á ṣòro láti lò. Èèyàn ò sì lè fi igi méjì há abíyá kó tún máa fa ayùn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti wábi gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn HMO á ní àwọn kan ń purọ́ gbowó, pé ọsibítù mìíràn á kọ owó ohun tí kò ṣe. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìyẹ. Ẹ tọ́jú aláìsàn, kí ẹ wá bi ẹni tó kọ owó.

Lọ́dún 2025, àjọ NHIA pàṣẹ pé kí HMO máa fún ọsibítù ní kóòdù láàárín wákàtí kan, pé bí èsì kò bá dé, kí ọsibítù máa tọ́jú aláìsàn lọ. Àṣẹ tó dára ni. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ọsibítù, kí tolówó tòtòṣì rí i kà, ní Yorùbá pẹ̀lú. Kí wọ́n sì jẹ́ kó kan ohun èlò ìtọ́jú, kì í ṣe oògùn àti iṣẹ́ abẹ nìkan. Bí HMO bá sì kọ̀, kó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ̀yin tí irú èyí bá dé bá, ẹ ní kí dókítà kọ irú ohun èlò náà àti ìdí tí ẹ fi nílò rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà pa mọ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, ẹ gba ọ́fíìsì NHIA tó wà ní ìpínlẹ̀ yín lọ. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà kan,
Ìbàdàn.