Omi Orí Ewé Ni Ọ̀tá Tòmátì Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwa tí a ń gbin tòmátì sí ẹ̀yìnkùlé ní Wárì mu. Bí òjò bá ti dé, ewé ìsàlẹ̀ a kọ́kọ́ ní àbàwọ́n bí òrùka nínú òrùka, a pọ́n, a gbẹ, àrùn náà a sì gun igi dé òkè. Àwọn kan nínú wa a ní ilẹ̀ àjò ni kò gba tòmátì. Ní tèmi, ilẹ̀ kò jẹ̀bi. Omi tí ń pẹ́ lórí ewé ni.

Ìbátan olú tí ń hù lára igi jíjẹrà ni àrùn yìí. Hóró rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, a máa wà nínú ilẹ̀ àti nínú ewé gbígbẹ. Òjò a ta á mọ́ ewé. Bí ewé bá sì tutù fún wákàtí mélòó kan, a hù. Òjò Wárì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá gbìn ín nígbà àkọ́rọ̀ òjò, bí a ti ń ṣe nílé, àrùn ni ó ń gbìn.

Òògùn kòkòrò kò ràn án. Kòkòrò ni ó ba oko tòmátì jẹ́ tí Ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pàjáwìrì ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, tiwa yàtọ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ fún irúgbìn sí abẹ́ ìbòrí ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ ṣí i gbìn sí orí ebè gíga nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí àárín igi kan sí èkejì, kí atẹ́gùn lè gbẹ ewé. Ẹ fi ọ̀pá gbé igi dúró, ẹ já ewé tí ó bá kan ilẹ̀, ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Ìdí ni kí ẹ máa bomi sí ní òwúrọ̀, kì í ṣe orí. Ibi tí ata tàbí ikàn wà lésìí, ẹ má gbìn ín síbẹ̀. Ewé tí ó bá ní àbàwọ́n, ẹ sun ún. Ẹ má kó o sí ààtàn ọgbà.

Bí ẹ bá fẹ́ lo òògùn, ẹ béèrè èyí tí a ṣe fún irú àrùn yìí gan-an, kí ẹ sì fọ́n ọn kí àrùn tó gbilẹ̀. Ewé tí ó ti kú kì í jí.

Ẹ̀yin ará, a kò lè dá òjò Wárì dúró, ṣùgbọ́n a lè yan ìgbà tí a ó gbìn.