Fíríìjì Tó Ń Tani Lọ́wọ́

Ọdún Ifá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àlejò á dé, ìkòkò á gbóná. Mo fẹ́ ká jọ wo inú ilé ìdáná wa kí àlejò tó wọlé.

Ní ìjọ́sí, obìnrin kan wá bá mi láti Ìwárò Ọ̀kà. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá fọwọ́ kan fíríìjì òun, nǹkan á ta òun dé ìgúnpá. Àwọn kan ti sọ fún un pé ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀, àwọn mìíì ní Ṣàngó ló ń bínú. Ó fẹ́ mọ ohun tóun máa fi bọ ọ́. Mo dá Ifá fún un, Ifá ní kó lọ tún ìdí ààrò rẹ̀ ṣe. Mo bi í pé, "Ṣé ẹsẹ̀ lásán lo máa ń wà?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá." Mo ní, "Tí o bá wọ sílípáàsì ńkọ́?" Ó rò ó díẹ̀, ó ní kì í ta òun. Mo ní, "Òrìṣà wo ló ń bẹ̀rù sílípáàsì?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Ọmọ rẹ̀ kékeré ń bu omi mu níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo ní kó yọ fíríìjì náà kúrò lójú iná, kó wá oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. Oníṣẹ́ tú sókẹ́ẹ̀tì ògiri. Wáyà mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀: èyí tí iná ń gbà wọlé, èyí tó ń gbà padà, àti èyí tó lọ sínú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní earthing. Méjì péré ló bá. Wáyà kan ti bó nínú fíríìjì, ó kan ara irin. Iná ò rí ọ̀nà mìíì gbà dé ilẹ̀, ara ìyá yẹn ló ń gbà kọjá.

Èyí kan àwa ará Àkókó gan-an. Orí òkè ni Ọ̀kà wà, àpáta sì pọ̀ lábẹ́ ilé wa ní Ìkàrẹ́ náà. Irin tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún earthing, bó bá kan àpáta, oníṣẹ́ mìíì á gé e kúrú, á bò ó mọ́lẹ̀, á gbowó rẹ̀ lọ. Àpáta kì í gba iná bí ilẹ̀ tútù ṣe ń gbà á. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó tún burú sí i. Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí ilẹ̀ ti jinlẹ̀ tó sì lọ́rinrin, kí wọ́n fa wáyà débẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wò ó lójú yín. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí NEMSA lọ́wọ́ oníṣẹ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ yẹn ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò, òun náà ló ń fún àwọn oníṣẹ́ níwèé.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí Ṣàngó ló ni mànàmáná, kí ló máa ṣe èmi ọmọ rẹ̀?" Òótọ́ ni pé ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní 1964 wà níwájú ilé-iṣẹ́ iná ní Marina, l'Ékòó. Àmọ́ ọmọ Ṣàngó gan-an ló yẹ kó mọ̀ pé a kì í fi iná ṣeré. Ẹbọ kì í rọ́pò wáyà ilẹ̀.

Ó sì dé ìlú òyìnbó. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2017, fíríìjì kan nínú ilé ìdáná ní àjà kẹrin ni iná ti bẹ̀rẹ̀ nílé gogoro Grenfell ní London. Ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà ló jẹ́ kó ràn. Ènìyàn 72 ló kú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kìsíténṣọ̀n wá kù. Sókẹ́ẹ̀tì wa ò ju 13 amps lọ, ìyẹn bíi 3,000 watts. Kẹ́tùrù lè jẹ 2,000, sítóòfù oníná olójú kan 1,000, áyọ́ọ̀nù 1,000. Ẹ rò ó pọ̀. Bí ẹ bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ẹ̀kìsíténṣọ̀n kan lọ́jọ́ ọdún, wáyà á gbóná, rọ́bà rẹ̀ á yọ́. Fíúùsì ló yẹ kó kọ́kọ́ já. Ẹni tó fi wáyà tàbí bébà inú páálí sìgá rọ́pò fíúùsì, ọdẹ tó ń ṣọ́lé rẹ̀ ló lé lọ yẹn.

Sókẹ́ẹ̀tì tó bá dúdú tàbí tó ń rùn bíi rọ́bà jíjó, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má fọwọ́ tútù kan síwíìṣì nígbà tí ẹ bá ń lọ ata. Ẹ gbé sílíńdà gáàsì jìnnà sí sókẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má pa á, fèrèsé ni kí ẹ ṣí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ pa sítóòfù àti áyọ́ọ̀nù, torí ó lè dé nígbà tí ẹ ti lọ sóko. Bí iná bá sì gbé ẹnì kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sáré pa iná nídìí mítà. Bí kò bá ṣeé ṣe, igi gbígbẹ ni kí ẹ fi tì í kúrò.

Ìyá yẹn padà wá lẹ́yìn tí wọ́n fa wáyà kẹta fún un. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí ẹbọ mọ́ ni?" Mo ní ẹbọ ti wà: owó tó fi ra wáyà ni. Kó fi obì àti omi tútù dúpẹ́ lọ́wọ́ Orí rẹ̀, tó jẹ́ kó máa ta á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi béèrè.

Ká ṣọdún ire o. Iná ò ní jó wa nílé. Àṣẹ.